Omi Ti Mọ́ Lóòótọ́, Aró Náà Ńkọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn gba electrocoagulation gbọ́, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi iná mànàmáná yọ aró àti ìdọ̀tí kúrò nínú omi, ò nílò àlàyé gígùn. Kó ṣáà bu omi aró tó pupa fòò sínú ife gíláàsì, kó ki alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ méjì bọ̀ ọ́ kí wọ́n má fara kanra, kó so ọ̀kan mọ́ pọ́sítíìfù iná DC (irú iná tó ń ti inú bátìrì jáde), kó so èkejì mọ́ nẹ́gátíìfù, kó wá dúró. Ìfófòó kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, omi náà á kọ́kọ́ dàrú, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù jọ nínú ẹ̀, òmíì á léfòó, òmíì á rì sísàlẹ̀, tó bá sì fi máa tó nǹkan bí ìdajì wákàtí, omi àárín yẹn á ti mọ́ gaara débi pé èèyàn lè kàwé láti ẹ̀yìn ẹ̀. Mo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà nínú lábù, kò sì tíì sú mi, torí ó dùn ún wò gan-an. Àmọ́ ìbéèrè kan wà táwọn èèyàn kì í bèèrè tí inú wọn bá ti dùn sí omi mímọ́ yẹn, òun ni mo sì fẹ́ fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí bèèrè: aró yẹn dà? Ibo ló gbà lọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá ná. Ṣáájú 1856, ara ewé, èèpo igi, gbòǹgbò àti kòkòrò ni wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ aró lágbàáyé. Ọdún yẹn ni William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18 péré nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ń wá bó ṣe máa fi kẹ́míkà ṣe kuníìnì tó jẹ́ oògùn ibà, ló bá ṣèèṣì rí nǹkan aláwọ̀ àlùkò kan tí wọ́n wá ń pè ní mauveine. Ní 1858, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Peter Griess, ṣàwárí kẹ́mísìrì tó di ìpìlẹ̀ àwọn aró azo, ìyẹn àwọn tí nitrogen méjì ti di ara wọn mú nínú mólékù wọn, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù nínú aró táwọn ilé iṣẹ́ ń lò títí dòní. Nígbà tó wá di 1956, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn Perkin, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé aró reactive jáde, irú èyí tí mólékù ẹ̀ máa ń so mọ́ òwú gan-an, tí kì í kàn jókòó sára ẹ̀ lásán, ìdí nìyẹn tí aṣọ òwú ayé òde òní fi ń tàn yanran tí kì í sì í tètè ṣá.

Aró reactive yìí náà ló ń kó omi sí wàhálà jù. Inú omi tó ní alikálì ni wọ́n ti ń mú un so mọ́ òwú, àmọ́ omi náà ń bá òwú du aró yẹn, èyí tó bá sì ti so mọ́ omi ò lè so mọ́ aṣọ mọ́ láéláé. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdá 10 sí 50 nínú 100 aró náà lè bá omi lọ, ó kù sọ́wọ́ irú aró tó jẹ́ àti bí wọ́n ṣe rẹ aṣọ náà. Kì í ṣe pé aláró ò mọṣẹ́ o, bí kẹ́mísìrì ẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ohun tó sì ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé gbogbo ohun tá a fi ń yin aró náà, pé oòrùn ò rí i gbé ṣe, pé ọṣẹ ò lè bọ́ ọ, pé kì í ṣá, àwọn náà ni kì í jẹ́ kí bakitéríà tó wà nínú àgbá ìtọ́jú omi ẹ̀gbin rí i jẹ. Ó yọ́ mọ́ omi pátápátá, kì í rì, kì í léfòó, ńṣe ló máa bá omi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ bọ́ sódò.

Àwọn kan máa ń sọ pé ṣebí àwọ̀ lásán ni, àwọ̀ ò ṣáà pààyàn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn aró kan wà tó jẹ́ pé bí ò bá tiẹ̀ tó mílígíráàmù kan nínú lítà omi kan, ojú lásán á ṣì rí i, ìyẹn fi hàn pé díẹ̀ ẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọlé dé ọ̀dọ̀ àwọn ewé inú omi kí wọ́n lè ṣe oúnjẹ wọn, kí wọ́n sì tú ọ́síjìn sílẹ̀ fún ẹja, aró á ti gbà á lójú ọ̀nà. Èyí tó tún burú jù wà nísàlẹ̀ odò níbi tí ọ́síjìn ò dé. Àwọn bakitéríà ibẹ̀ lè gé okùn nitrogen méjì tó wà nínú aró azo, àwọ̀ á parẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó máa kù ni àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní aromatic amine, àwọn kan lára wọn, irú bíi benzidine, sì ti di mímọ̀ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Torí ẹ̀ ni Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣòfin ní 2002 pé kí wọ́n má lo àwọn aró azo tó lè tú irú amine bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún aṣọ àti awọ tó ń kan ara èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi eléyìí sọ́kàn, torí a máa padà bá a: àwọ̀ lè lọ kí ewu má lọ.

Ó yá, ká wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ife yẹn. Ẹni tó bá ti mọ álọ́ọ̀mù ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Tí wọ́n bá da álọ́ọ̀mù sómi tó dàrú, alumíníọ̀mù inú ẹ̀ á di nǹkan funfun rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní aluminium hydroxide, á gbá ìdọ̀tí mọ́ra, á rì, omi á tòrò. Electrocoagulation ò da álọ́ọ̀mù kankan sí i. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n so mọ́ pọ́sítíìfù, ìyẹn ánóòdù, ni iná ń jẹ díẹ̀díẹ̀ tó ń yọ́ sínú omi, alumíníọ̀mù lè jẹ́ òun, irin gidi (iron) náà lè jẹ́ òun. Ní ọ̀dọ̀ kátóòdù, ìyẹn èyí tí wọ́n so mọ́ nẹ́gátíìfù, ní tiẹ̀, iná ń fọ́ omi fúnra ẹ̀, gáàsì háídírójìn á jáde, hydroxide á kù sínú omi, hydroxide yẹn ló máa pàdé alumíníọ̀mù lọ́nà tí wọ́n á fi ṣù jọ. Háídírójìn náà ò wá lásán, àwọn ìfófòó ẹ̀ kéékèèké ló ń gbé ìṣùjọ yẹn lọ sókè, òun lẹ fi ń rí i tí aró máa ń kó jọ sórí omi. Ohun tó fi dáa ju álọ́ọ̀mù lọ lójú tèmi ni pé álọ́ọ̀mù ń fi sulphate sílẹ̀ sínú omi nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, eléyìí ò fi nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan tuntun ni o. Láti 1889 ni wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ kan sí Lọ́ńdọ̀nù tó ń fi iná mànàmáná tọ́jú omi ẹ̀gbin, omi òkun ni wọ́n pò mọ́ ọn kí iná lè rí ọ̀nà gbà. Ní 1909, J. T. Harries gba ìwé àṣẹ ohun tó ṣe ní Amẹ́ríkà fún bó ṣe ń fi ánóòdù alumíníọ̀mù àti irin sọ omi di mímọ́. Ohun tó dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún ò ju pé iná wọ́n nígbà yẹn, kẹ́míkà ò sì wọ́n tó o.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣírò. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà, Michael Faraday, ti fún wa lófin ẹ̀ láti bí ọdún 1830 sí i lọ: bí kọ́rẹ́ǹtì tó gba inú ẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó àti bí àkókò ẹ̀ bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni irin tó máa yọ́ ṣe máa pọ̀ tó. Ámpíà 1 fún wákàtí 1 máa yọ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.34 alumíníọ̀mù, tó bá jẹ́ irin gidi, ó máa tó gíráàmù 1.04. Tẹ́ ẹ bá ti mọ kọ́rẹ́ǹtì yín àtàkókò yín, ẹ ti mọ iye oògùn tẹ́ ẹ lò sómi, ẹ ò nílò láti wọn ìyẹ̀fun kankan. Ní ti gidi sá o, alumíníọ̀mù tó ń yọ́ máa ń ju ohun tí ìṣirò sọ lọ, torí iyọ̀ ń dá ihò sí ánóòdù lára, hydroxide tó ń pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kátóòdù náà sì ń jẹ kátóòdù yẹn níwọ̀nba, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.

Àmọ́ irin tó yọ́ lásán ò mú aró. Ohun tó ń mú un ni pé ọ̀pọ̀ aró, àwọn reactive, àwọn ásíìdì àtàwọn direct, nẹ́gátíìfù ni wọ́n nínú omi, aluminium hydroxide sì máa ń jẹ́ pọ́sítíìfù títí tí pH (ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe ní ásíìdì tàbí alikálì tó, 7 ni àárín ẹ̀) fi máa tó nǹkan bí 8 tàbí 9, ni wọ́n bá fà mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí pH fi ṣe pàtàkì tó báyìí. Tí omi bá ní ásíìdì jù, tí pH ò tó 4, alumíníọ̀mù á kàn yọ́ sínú omi, kò ní ṣù jọ. Tí alikálì bá pọ̀ jù, hydroxide yẹn á tún yọ́ padà, á di aluminate. Àárín ibi tó rọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí 5 sí 7 fún ọ̀pọ̀ aró. Irin gidi máa ń fara da omi tí pH ẹ̀ ga díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí sì dáa torí omi aró reactive máa ń ní alikálì gan-an. Àwọn aró tí kì í yọ́ mọ́ omi, bí àwọn disperse tí wọ́n fi ń rẹ polyester, tiwọn rọrùn, ìṣùjọ yẹn á kàn kó wọn ni. Àwọn aró basic tó jẹ́ pọ́sítíìfù fúnra wọn ló le, torí pọ́sítíìfù ò ní fa pọ́sítíìfù, tẹ́nì kan bá sì sọ fún mi pé òun fi alumíníọ̀mù yọ gbogbo methylene blue, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, kúrò nínú omi ní pH 6, mo máa fẹ́ mọ bó ṣe rí i ṣe.

Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dúró díẹ̀, torí methylene blue àti methyl orange ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe tẹ́ẹ̀sì nínú lábù, àwọn méjèèjì sì lè tan ojú jẹ. Methyl orange máa ń pupa tí pH ò bá tó 3.1, á wá di yẹ́lò tí pH bá kọjá 4.4. Electrocoagulation fúnra ẹ̀ ń gbé pH omi ásíìdì sókè. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi pupa, tẹ́ ẹ tan iná, àwọ̀ pupa yẹn á lọ lóòótọ́, spectrophotometer (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn àwọ̀) tẹ́ ẹ tò sójú ibi tí pupa wà á sì kà á pé aró ti dín kù, nígbà tó jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pH nìkan ló yí padà, tí gbogbo aró yẹn ṣì wà nínú omi níbi tó wà. Methylene blue ní tiẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kátóòdù, iná lè sọ ọ́ di irú ẹ̀ kan tí kò láwọ̀ rárá, omi á mọ́, inú èèyàn á dùn, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, ọ́síjìn á sọ ọ́ di búlúù padà. Torí náà, tí wọ́n bá ti pa iná, ẹ sẹ́ omi yẹn, ẹ dá pH ẹ̀ padà síbi tó wà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó wọn àwọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọn gbogbo ojú ìmọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ má wọn ojú kan ṣoṣo. Iṣẹ́ kékeré ni, mi ò sì rí ìdí tí wọ́n á fi máa fò ó.

Àwọ̀ tiẹ̀ tún yàtọ̀ sí ohun tó kù nínú omi. Ọṣẹ, ohun tí wọ́n fi ń mú òwú le kí wọ́n tó hun ún, àwọn kẹ́míkà tó ń ran aró lọ́wọ́, gbogbo wọn ló wà nínú omi yẹn, púpọ̀ nínú wọn ò sì láwọ̀. Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní COD ló máa ń wọn irú wọn, ìyẹn bí ọ́síjìn tó máa ná wa láti jó gbogbo wọn ṣe pọ̀ tó, ó sì wọ́pọ̀ pé kí àwọ̀ ti lọ lé ní ìdá 90 nínú 100, kí COD má tíì dín kù tó bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ńkọ́? Fún aró reactive, wọ́n lè da iyọ̀ tó gíráàmù 40 sí 100 sínú lítà omi kan kí aró lè kúrò nínú omi wọ inú òwú. Iyọ̀ yẹn ń ran electrocoagulation lọ́wọ́ gan-an, iná ń gba inú ẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, kò sì jẹ́ kí ìpele ọ́síáìdì tó máa ń bo ánóòdù alumíníọ̀mù rí ibi dúró sí. Àmọ́ tí iṣẹ́ bá parí, iyọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ẹja omi odò ò sì fẹ́ iyọ̀.

Háídírójìn náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Bó bá ti jẹ́ ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ títí dé ìdá 75, ó lè gbiná. Nínú ife kékeré, kò sí wàhálà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe àgbá ńlá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹnikẹ́ni má sì tan iná ìṣáná ńtòsí ẹ̀.

Wàyí o, aró dà? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Ká ní ẹ ní lítà omi 1 tó ní mílígíráàmù 100 aró, ẹ gbé ámpíà 0.5 sí i fún ìṣẹ́jú 20 pẹ̀lú alumíníọ̀mù. Faraday sọ pé nǹkan bíi mílígíráàmù 56 alumíníọ̀mù á yọ́. Tó bá di hydroxide, ìwọ̀n ẹ̀ á lọ sí nǹkan bí 160. Tó bá gbé gbogbo aró yẹn, ohun gbígbẹ tẹ́ ẹ máa ní á tó mílígíráàmù 260. Nǹkan kékeré ni lójú, àbí? Ẹ wá fi sí mítà kúbíìkì 1,000, ìyẹn mílíọ̀nù lítà 1: kílò 56 alumíníọ̀mù ti lọ, tí fóltéèjì bá jẹ́ 10, iná tó lọ á tó kilowatt-hour 1,670, ohun gbígbẹ yẹn á sì di kílò 260. Àmọ́ kì í jáde ní gbígbẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni, tí ìdá 97 nínú 100 ẹ̀ bá sì jẹ́ omi, tọ́ọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni ẹ máa rí gbé. Ibẹ̀ ni aró náà wà. Kò sẹ́ni tó pa á, kò sẹ́ni tó fọ́ ọ, mólékù yẹn gan-an tó wà nínú omi láàárọ̀ ló ti ṣí lọ sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ́sàn-án.

Mi ò sọ eléyìí láti bu ọ̀nà náà kù o. Kílò 100 aró tó wà nínú mílíọ̀nù lítà omi kan ò ṣeé mú, àmọ́ nínú tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó ṣeé gbé sínú ọkọ̀, ó ṣeé fún, ó ṣeé gbẹ, ó ṣeé jó nínú iná ilé iṣẹ́ tó gbóná dáadáa tó sì ń sẹ́ èéfín ẹ̀. Àǹfààní ńlá nìyẹn, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì máa sọ pé àwọn ti yọ aró kúrò láyé. Ohun tó so aró mọ́ hydroxide ni pé ọ̀kan jẹ́ pọ́sítíìfù, èkejì nẹ́gátíìfù, pH ló sì ń ṣàkóso ẹ̀. Tí òjò tó ní ásíìdì bá rọ̀ sí i títí, hydroxide á yọ́. Tí omi alikálì bá kàn án, ara hydroxide á di nẹ́gátíìfù, á ti aró kúrò lára ẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló ń dá aró padà sínú omi, tí alumíníọ̀mù fúnra ẹ̀ náà sì lè tẹ̀ lé e.

Irin gidi ní ọ̀ràn tiẹ̀. Ó ń kọ́kọ́ yọ́ gẹ́gẹ́ bí Fe²⁺ (irin tó ti pàdánù ẹ̀létírọ́ọ̀nù méjì), tó ṣì ń bá omi rìn láìláwọ̀ tó ṣe é rí, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa ń di Fe³⁺ (tó ti pàdánù mẹ́ta) tó ń ṣù jọ. Ẹni tó bá tètè sẹ́ omi ẹ̀ lè rí omi tó mọ́ lónìí kó wá rí i pé ó ti di pupa rúsúrúsú lọ́la, ìpẹtà nìyẹn, kì í ṣe aró. Irin sì tún lè gé okùn azo fúnra ẹ̀, kátóòdù náà lè gé e, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ amine tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ti wọlé, torí tí apá kan nínú aró bá gba ọ̀nà yẹn lọ, kò ní sí nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kò sì ní hàn lójú, inú omi mímọ́ yẹn ló máa wà. Àwọn kan ti wá ń fi hydrogen peroxide kún ti irin yìí nínú omi ásíìdì tí pH ẹ̀ sún mọ́ 3, kẹ́mísìrì tí Henry Fenton ti kọ nípa ẹ̀ láti 1894, èyí tó ń bí nǹkan tó le débi pé ó ń fọ́ mólékù aró náà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn torí pé ó ń gbìyànjú láti pa aró gan-an, àmọ́ òun náà ní láti fi hàn wá ohun tó kù lẹ́yìn tó fọ́ ọ tán.

Ní báyìí, tí wọ́n bá gbé èsì iṣẹ́ electrocoagulation wá bá mi, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé 98 pásẹ́ǹtì àwọ̀ ti lọ, ojú ewé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Mo fẹ́ mọ ìwọ̀n ẹ̀ ní tútù àti ní gbígbẹ. Mo fẹ́ mọ iye alumíníọ̀mù tàbí irin tó kù nínú omi tí wọ́n sẹ́, àti bóyá wọ́n wá amine nínú ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n bu díẹ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi ásíìdì, kí wọ́n tún rẹ òmíì sínú omi alikálì, kí wọ́n mì ín fún ọjọ́ kan gbáko, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì wọn iye aró tó padà wá. Tí wọ́n bá ti kọ gbogbo ìyẹn síbẹ̀, tí wọ́n sì sọ ẹni tó máa kó o, ibi tó máa kó o lọ àti ohun tí wọ́n máa fi ṣe níbẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó máa padà lọ ka 98 pásẹ́ǹtì yẹn.